Àwòrán afòyemọ̀: báwo lẹ ṣe ń fi ìmọ̀lára àti ohun tí ẹ ṣà jọ ṣe é?

Ọwọ́-Tuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ ọnà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ó pẹ́ tí mo ti ń ya àwòrán ojú ènìyàn, ọwọ́ mi sì ti yá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ló ń pè mí báyìí. Mo fẹ́ ṣe àwòrán afòyemọ̀, èyí tí kò ní ojú, tí kò ní igi, tí kò ní ilé, tó jẹ́ pé àwọ̀, ìlà àti ara nǹkan nìkan ló máa sọ ohun tó wà lọ́kàn mi.

Mo ti ṣa ẹrù jọ sílẹ̀: páálí, okùn tó ti gbó, pákó tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí, páànù tó ti dógùn-ún, àkísà, wáyà, ìwé tó ti ya. Àmọ́ bí mo bá ti dojú kọ pátákó funfun báyìí, ṣe ni gbogbo rẹ̀ máa ń pòórá lọ́kàn mi. Bí mo bá sì fipá bẹ̀rẹ̀, ohun tó máa jáde á dùn ún wò, kò kàn ní sọ nǹkan kan ni.

Ibo lẹ ti ń bẹ̀rẹ̀? Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ọkàn yín ló ń darí ọwọ́, pé kì í ṣe ohun tó ti mọ́ ọwọ́ lára tẹ́lẹ̀ ló ń tún ṣe? Ìgbà wo lẹ máa ń dáwọ́ dúró? Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ sì fi ń lẹ irin mọ́ pákó tí kì í fi í já?

Pápá-Gbalasa

Pátákó funfun yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ bà jẹ́. Ẹ má jẹ́ kó funfun mọ́. Omi tí ẹ fi fọ búrọ́ọ̀ṣì, ẹ dà á lé e lórí. Ẹ fi àkísà ra èédú mọ́ ọn. Tàbí kí ẹ ṣe bí èmi ṣe ń ṣe: mo máa ń fi èédú kọ ohun tó wà lọ́kàn mi sórí pátákó náà gàdàgbà-gàdàgbà, bó ṣe rí gan-an láìfi bò, màá tún kọ òmíràn lé e, títí ẹnikẹ́ni ò fi ní lè kà á mọ́. Lẹ́yìn náà ni màá wá fi ọ̀dà bò ó. Ọ̀rọ̀ náà ò ní hàn sí aráyé, àmọ́ ìlà rẹ̀ á máa yọjú láti ìsàlẹ̀, ọwọ́ mi á sì ti gbóná kí n tó mọ̀ pé mo ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun kejì ni pé ọwọ́ tó ti yá nínú àwòrán ojú, ìka ló fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ gba búrọ́ọ̀ṣì kékeré lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ dìde dúró, kí ẹ fi èjìká yàwòrán. Ẹ so àkísà mọ́ orí igi gígùn, kí ẹ sì dì í mú ní ìdí pátápátá. Irinṣẹ́ tí kì í gbọ́ràn dáadáa ló dára jù fún yín báyìí, torí kò ní jẹ́ kí ìka ṣe ohun tó ti há sórí. Láti nǹkan bí ọdún 1947 ni Jackson Pollock, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, ti ń tẹ́ kánfáàsì sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó ń fi igi àti búrọ́ọ̀ṣì tó ti gan ta ọ̀dà ilé sí i lórí, tó sì ń rìn yí i ká. Ẹ ò ní láti ta ọ̀dà bíi tirẹ̀. Ẹ ṣáà tẹ́ pátákó yín sílẹ̀, kí ẹ máa ṣiṣẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí kò bá ti sí òkè, tí kò sì sí ìsàlẹ̀, ojú yín ò ní máa wá ibi tí orí ènìyàn yẹ kó wà.

Màmá Aláwọ̀

Ọmọ mi, o káre. Ìbéèrè tó o béèrè nípa ọkàn ni mo fẹ́ dáhùn, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń ṣìnà. Wọ́n á ní àwọn ń bínú, wọ́n á gbé pupa. Wọ́n á ní inú àwọn bà jẹ́, wọ́n á gbé búlúù. Àwọ̀ kì í ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti rí àwòrán tó jẹ́ kìkì yẹ́lò tó wúwo lọ́kàn mi ju èyíkéyìí tó dúdú lọ. Ibi tí ìmọ̀lára ń gbé nínú àwòrán ni bí ọwọ́ ṣe yára tó, bó ṣe tẹ nǹkan tó, ibi tó ti dúró, ibi tó tún padà sí, àti àyè tó fi sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn.

Ṣe èyí wò. Wá ìwé tí kò níye lórí, kó o ya á sí kéékèèké. Mú èédú. Má ro "ìbànújẹ́", torí orúkọ lásán nìyẹn, ọwọ́ ò mọ ohun tó máa fi ṣe. Ro ìṣẹ̀lẹ̀ kan pàtó: ìgbà tí fóònù dún tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ẹ. Ibo lo dúró sí? Kí ni ọwọ́ rẹ dì mú? Di ojú rẹ, kó o jẹ́ kí èédú rìn lórí ìwé níwọ̀n ìgbà tí èémí kan á fi wọlé táá sì jáde. Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, má wò ó. Mú ìwé mìíràn, ro ìgbà tí inú rẹ dùn débi tí o ò fi lè jókòó. Máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ títí ìwé á fi tán. Ìgbà yẹn ni kó o tó tẹ́ gbogbo wọn sílẹ̀ pa pọ̀.

Wàá rí i pé kò sí méjì tó bára mu. Èyí tó jẹ́ ti ọ̀fọ̀ lè jẹ́ ìlà kúkúrú mélòó kan tó há sí igun kan ṣoṣo, tí ìwé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lu nítorí bí o ṣe tẹ èédú mọ́ ọn. Èédú lè ti kán síbẹ̀, kí ẹ̀rún rẹ̀ sì fọ́n ká. Má nù ún kúrò. Fi ìka fọwọ́ kan ẹ̀yìn ìwé náà, wàá rí i pé ìlà yẹn ti yọ sí òdì kejì. Òun ni kó o gbé lọ sórí pátákó ńlá: kì í ṣe kó o ṣe àdàkọ rẹ̀ o, bí ọwọ́ rẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ ni kó o gbé lọ.

Ọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Lonnie Holley. Ní ọdún 1979, iná ilé pa ọmọ méjì tí arábìnrin rẹ̀ bí, kò sì sí owó òkúta ibojì. Ohun tó dà bí òkúta rírọ̀, tí ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin dà nù, ló ṣà, tó sì gbẹ́ fún wọn. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọnà rẹ̀ ti ṣẹ̀. Kò kọ́kọ́ jókòó máa wá ohun èlò tó bá ọ̀fọ̀ mu. Ohun tó wà nítòsí ló mú, ọ̀fọ̀ sì wọ inú rẹ̀.

Aṣàjọ

Ẹ tú àpò yẹn dà sílẹ̀ pátá. Ẹ má tò wọ́n ní irú-wá-ìrú, irin sí ọ̀dọ̀ irin, aṣọ sí ọ̀dọ̀ aṣọ. Ẹ kàn tẹ́ wọn sílẹ̀ kí ẹ máa rìn láàárín wọn. Ẹ máa rí i pé ọwọ́ yín á máa padà sí ohun kan láìnídìí, ẹ á gbé e, ẹ á yí i, ẹ á gbé e sílẹ̀, ẹ ó tún padà gbé e. Òun ni ẹ̀ẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ohun méjì tó ń bá a jà: tó bá le, ẹ wá èyí tó rọ̀, tó bá ń dán, ẹ wá èyí tí kì í dán rárá. Ẹ kó ìyókù padà sínú àpò. Àwòrán tó ń gbìyànjú láti lo gbogbo ẹrù tí a ṣà kì í rí àyè mí.

Ẹ má lẹ nǹkan kan o. Ẹ máa sún wọn kiri lórí pátákó, kí ẹ máa fi fóònù ya fọ́tò ìtò kọ̀ọ̀kan. Ẹ ya àwọn kan níbi tí ẹ bá ti rò pé kò tíì dára, torí ìyẹn gan-an lẹ máa padà wò nígbà tó bá yá.

Àwọn tó ti ṣe é ṣáájú wa fi oríṣiríṣi ọ̀nà hàn wá. Ọdún 1912 ni Picasso lẹ aṣọ onírọ́bà tí wọ́n tẹ àwòrán ìjókòó àga sí mọ́ àwòrán rẹ̀, tó sì fi okùn gidi ká etí rẹ̀. Kurt Schwitters ní Jámánì kó tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, pákó tó ṣẹ́ àti wáyà jọ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní. Ṣùgbọ́n àwọn méjì tí ìbéèrè yín mú wá sí mi lọ́kàn ni Louise Nevelson àti Alberto Burri, torí ọ̀nà wọn ò bára mu rárá. Nevelson máa ń ṣa igi láwọn òpópónà New York: ẹsẹ̀ àga, apá àtẹ̀gùn, gbogbo ẹ̀rún tí àwọn káfíńtà sọ nù. Á tò wọ́n sínú àpótí, á sì kun gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀ kan ṣoṣo, dúdú lọ́pọ̀ ìgbà. Tí ẹ bá dé iwájú rẹ̀, ẹ ò ní rí àga mọ́, ìrísí àti òjìji nìkan lẹ máa rí. Burri ní tirẹ̀, dókítà ológun Ítálì ni. Àgọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun ní Texas ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán, lórí aṣọ àpò. Nígbà tó padà sílé, ó ń rán àpò tó ti ya mọ́ra, ó ń jẹ́ kí ihò rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kí pupa tàbí dúdú máa yọ láti ìsàlẹ̀. Kò fi ọ̀dà bo àpò náà mọ́lẹ̀. Àpò ni, ó sì jẹ́ kó jẹ́ àpò.

Nítorí náà, bí nǹkan tí ẹ ṣà bá ń pariwo ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀ ju ohun tí ẹ fẹ́ sọ lọ, ẹ gba ọ̀nà Nevelson. Bó bá jẹ́ pé ọgbẹ́ ara rẹ̀ gan-an lẹ fẹ́ràn, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ti lílẹ̀, ìwé, páálí àti aṣọ ò le: gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò tó, ẹ fi pa ojú méjèèjì kí ẹ sì gbé nǹkan wúwo lé e. Páálí máa ń ká kò tí omi gọ́ọ̀mù bá kan ojú kan rẹ̀, nítorí náà ẹ fi pa ẹ̀yìn rẹ̀ náà. Ìwé ìròyìn á pọ́n bó bá pẹ́, kò sí ohun tí ẹ lè fi dá a dúró pátápátá, torí ohun tó ń fà á wà nínú igi tí wọ́n fi ṣe é. Irin lórí pákó lọ̀rọ̀ yàtọ̀. Gọ́ọ̀mù funfun ò lè di irin mú, kò rí ibi wọ̀. Ẹ fi sáńpépà ha ẹ̀yìn irin náà, ẹ fi spirit nù ún, kí ẹ tó lo epoxy, gọ́ọ̀mù alápá méjì tí a máa ń pò pọ̀ kó tó le. Àmọ́ èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kí ẹ lu ihò, kí ẹ fi wáyà so ó tàbí kí ẹ kàn án ní ìṣó, kí ìdè náà sì hàn. El Anatsui, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Gánà, tẹ́ ìdérí ìgò pẹlẹbẹ, ó ká òmíràn, ó sì fi wáyà bàbà so wọ́n mọ́ra títí wọ́n fi tó bo ògiri. Bó ṣe so wọ́n wà lára ohun tí ojú ń wò. Ìdè náà ìlà ni.

Páànù tó dógùn-ún yẹn, kí ẹ tó kàn án mọ́ nǹkan kan, ẹ gba àmì rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ bu ọtí kíkan díẹ̀ sínú omi, kí ẹ fi rin ìwé tó nípọn. Ẹ tẹ́ páànù náà lé e, ẹ fi ọ̀rá wé e, ẹ gbé nǹkan wúwo lé e mọ́jú. Tí ẹ bá ṣí i láàárọ̀, etí páànù á ti tẹ ara rẹ̀ sójú ìwé: ó pọ́n kuku níbi tó ti fara kàn án dáadáa, ó di yẹ́lò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ níbi tí omi ti gbé e sá. Ihò ìṣó á yọ ní róbótó. Tó bá jẹ́ pé omi tíì tó ki lẹ kọ́kọ́ fi rin ìwé náà, tí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ, ibi tí ìpáàrà bá dé á dúdú, torí ohun tó ń mú tíì korò máa ń bá irin pàdé di dúdú. Irú ọ̀nà yẹn ni wọ́n fi ń ṣe tàdáwà láyé àtijọ́. Ẹ fi omi tó mọ́ ṣan ìwé náà, kí ẹ sì sá a.

Ìbọ̀wọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n yára sọ èyí. Pákó tí ọ̀dà àtijọ́ ń ṣí lára rẹ̀ lè ní òjé nínú. Ọdún 1978 ni Amẹ́ríkà fòfin de ọ̀dà olójé nínú ilé, àwọn ibòmíràn pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fi sáńpépà gbígbẹ ha á, ẹ má sì ṣe é níbi tí ọmọdé wà. Ẹ fi omi rin ín, ẹ lo ìbomú tó dára, kí ẹ fi fánìṣì dí ojú rẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ lò ó. Ẹ má sun ọ̀rá tàbí ike láti mú kó ká, èéfín rẹ̀ léwu. Igi tí ẹ bá sì fura pé kòkòrò wà nínú rẹ̀, ẹ fi ọ̀rá wé e, kó wọ fìrísà fún bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó wọ ilé yín. Bátìrì tó ti ń jò, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá.

Igun-Mẹ́ta

Màmá, ẹ má bínú, mo gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí ẹ sọ, àmọ́ ibì kan wà tí mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kún. Ọwọ́ tí a bá fi sílẹ̀ fún ìmọ̀lára nìkan, kì í pẹ́ tó fi máa tún ara rẹ̀ sọ. Ẹ lọ wo iṣẹ́ ẹnikẹ́ni tó ń yàwòrán lọ́nà yìí láìdúró wò ó: ohun tó tóbi jù á máa wà ní àárín, ìlà á máa tẹ̀ sí apá kan náà, gbogbo àmì á máa dọ́gba ní títóbi. Ó pè é ní ọkàn, àmọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń ti ilẹ̀kùn kan kí n tó bẹ̀rẹ̀. Lónìí, àwọ̀ mẹ́ta péré. Lọ́la, mi ò ní fọwọ́ kan àárín pátákó. Nígbà mìíràn, kò sí búrọ́ọ̀ṣì, etí páálí nìkan ni màá fi fa ọ̀dà. Tí ọ̀nà tó mọ́ ọn lára bá ti dí, ìgbà yẹn ni ọwọ́ máa ṣe ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni kí ojú tó ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Kandinsky, ọmọ Rọ́ṣíà tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ya àwòrán afòyemọ̀, sọ ọ́ nínú ìtàn ara rẹ̀ pé òun wọ ibi iṣẹ́ òun ní ìrọ̀lẹ́, òun sì rí àwòrán kan tó rẹwà gan-an lára ògiri tí òun ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwòrán tirẹ̀ ni, ẹ̀gbẹ́ ló fi dúró. Ẹ yí tiyín sí ẹ̀gbẹ́, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀. Ẹ wò ó nínú dígí. Ẹ yà á ní fọ́tò dúdú-àti-funfun, torí ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ bóyá ibi tó ṣókùnkùn àti ibi tó mọ́lẹ̀ yàtọ̀ síra lóòótọ́, àbí àwọ̀ ló kàn ń tàn yín. Ẹ gé páálí méjì sí igun-igun, kí ẹ fi wọ́n ṣe férémù tí ẹ lè fẹ̀ tàbí kí ẹ sún pọ̀, kí ẹ máa fi wá inú àwòrán yín kiri. Nígbà mìíràn, apá kékeré kan ló wà láàyè, ìyókù ò ṣe nǹkan kan. Ẹ gé apá náà jáde láìfòyà.

Oníṣẹ́ ọnà Hans Arp pàápàá, tó fa ìwé ya tó sì jẹ́ kó já bọ́ bó ṣe wù ú ní nǹkan bí ọdún 1916 sí 1917, tí ẹ bá wo àwọn iṣẹ́ yẹn dáadáa, wọ́n tò ju ohun tó kàn já bọ́ lọ.

Màmá Aláwọ̀

O ò sọ ohun tó burú, ọmọ mi. Ìgbà tí a máa pe ojú ni mo ń sọ. Má pè é nígbà tí ọwọ́ ṣì ń sọ̀rọ̀, torí tó bá ti dé, ọwọ́ á dákẹ́. Jẹ́ kí ọwọ́ sọ tirẹ̀ tán. Kúrò nínú yàrá. Tó o bá padà wọlé, ojú lo bá wọlé.

Pápá-Gbalasa

Mo fọwọ́ sí ti Màmá. Mo sì fẹ́ fi kún un pé ojú àwọn ẹlòmíràn náà ò gbọ́dọ̀ tètè dé. Ẹ má gbé e sórí ayélujára nígbà tó ṣì tutù. Hilma af Klint, obìnrin ayàwòrán kan ní Sweden, bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ àwòrán kan ní ọdún 1906 tó di 193 kó tó parí, ó sì fi sílẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe fi iṣẹ́ òun hàn títí ogún ọdún lẹ́yìn ikú òun. Ọdún 1944 ló kú. Ọdún 1986 ni wọ́n tó kó díẹ̀ lára wọn síta fún gbogbo ayé nínú àfihàn ńlá kan ní Los Angeles. Mi ò ní kí ẹ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èsì tí ẹ bá gbà lẹ́nu àwọn ènìyàn ní wákàtí àkọ́kọ́ máa ń yí ọwọ́ padà, yálà ìyìn ni tàbí èébú.

Ọwọ́-Tuntun

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín pátá. Mo ti ba funfun náà jẹ́! Mo ṣe ti ìwé kéékèèké tí Màmá sọ, mi ò sì mọ̀ pé mo máa sunkún níbẹ̀. Ìlà tó jáde, ọwọ́ mi ni, àmọ́ mi ò mọ̀ ọ́n rí.

Bí pátákó náà ṣe wà báyìí nìyí. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ eérú, èédú ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Okùn náà gba àárín kọjá láti apá òsì dé apá ọ̀tún. Páànù wà lókè lápá ọ̀tún, mi ò tíì kàn án mọ́ ọn. Ìṣòro mi ni páànù yẹn. Ó ń pariwo. Gbogbo ohun mìíràn dákẹ́, òun nìkan ló ń sọ̀rọ̀, ó ń ṣe mí bíi kí n fi ọ̀dà eérú bò ó. Kí lẹ rí sí i?

Igun-Mẹ́ta

Ẹ má bò ó. Ìdí méjì ló fi ń pariwo. Àkọ́kọ́, òun nìkan ló ní etí tó mú. Okùn rọ̀, èédú rọ̀, ilẹ̀ rọ̀. Ẹ fún un ní ẹnì kejì: ìwé kan tí ẹ fi àlùmọ́gàjí gé ṣánṣán, kí ó wà ní ìsàlẹ̀ lápá òsì, kó má tóbi. Ìkejì, àwọ̀ rẹ̀ ò sí níbòmíràn. Ẹ bu omi ìpáàrà tí ẹ gbà lára rẹ̀, kí ẹ fi kan ibì kan tó jìnnà sí i, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ojú lè rí ọ̀nà tó máa tọ̀.

Okùn yẹn sì ti pín pátákó sí méjì ọgbọọgba. Ẹ sún un sísàlẹ̀, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ìdí rẹ̀ kan yọ kọjá etí pátákó.

Aṣàjọ

Okùn náà, ẹ má lẹ̀ ẹ́. Ẹ lu ihò, kí ó wọlé sẹ́yìn pátákó kó tún jáde. Ohun tó wọlé tó jáde yàtọ̀ sí ohun tí a kàn gbé lé nǹkan.

Màmá Aláwọ̀

Ẹ̀yin méjèèjì mọ iṣẹ́, ohun tí ẹ sọ á sì mú kí àwòrán náà tò. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, mo fẹ́ kó o kọ́kọ́ bi ara rẹ ní ìbéèrè kan. Kí ló dé tó o fi fẹ́ bo páànù yẹn? Ìwọ lo sọ fún wa pé ohun tí ò ń ṣe tẹ́lẹ̀ máa ń dùn ún wò, kì í sì í sọ nǹkan kan. Ní báyìí, ohun kan sọ̀rọ̀, ẹ̀rù sì bà ẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé páànù ni ohun tó o wá sọ, kí okùn jẹ́ ohun tó o gbé síbẹ̀ kí ibẹ̀ má bàa ṣófo. Gbé okùn kúrò. Fi páànù nìkan sílẹ̀, kó o sùn, kó o wò ó láàárọ̀. Tí kò bá dúró fúnra rẹ̀, ìgbà yẹn ni kó o lo ohun tí wọ́n sọ.

Ọwọ́-Tuntun

Mo gbé okùn kúrò. Màmá, ẹ ṣeun. Àpá okùn náà ti wà nínú ọ̀dà eérú torí kò tíì gbẹ nígbà tí mo gbé e, ó fi ìlà wẹ́rẹ́-wẹ́rẹ́ sílẹ̀, mo sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Páànù ṣì wà níbi tó wà. Mo gba ti Igun-Mẹ́ta nípa omi ìpáàrà, ó kan ìsàlẹ̀ díẹ̀. Mi ò fi ìwé gígé sí i.

Ṣé mo ti parí báyìí? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀? Tí mo bá sì parí, ṣé kí n fi fánìṣì kùn ún?

Màmá Aláwọ̀

Kọ ojú rẹ̀ sí ògiri fún ìwọ̀n ìgbà tó o bá lè mú un mọ́ra. Ọjọ́ tó o bá yí i padà, wo ibi tí ojú rẹ kọ́kọ́ lọ. Bó bá lọ bá ohun kan tó o fẹ́ yí padà, tó o sì mọ ohun tó o fẹ́ ṣe sí i gan-an, ṣe ìyẹn nìkan. Bí ojú rẹ bá kàn ń rìn kiri láìrí ibi tó máa dá iṣẹ́ sílẹ̀, fi í sílẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ kó o ṣọ́ra fún ni ìgbà tó o bá bẹ̀rẹ̀ sí í tún etí ṣe, tó ò ń nu ibi tó rí jágajàga, tó ò ń fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré dí ihò. Ọwọ́ àwòrán ojú lo ti tún gbé wá nìyẹn. Gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

Aṣàjọ

Ẹ má fi fánìṣì tó ń dán kùn ún, á pa ìyàtọ̀ tó wà láàárín páànù àti ilẹ̀ eérú, gbogbo rẹ̀ á máa dán bákan náà. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá ìpáàrà tó ń já kúrò lára páànù, ẹ rí i pé ó gbẹ dénú, kí ẹ fi aṣọ ra ìda mọ́ ọn fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ sì nù ún. Ìda ò ní jẹ́ kí omi inú afẹ́fẹ́ tètè kàn án, kò sì ní yí àwọ̀ rẹ̀ padà púpọ̀. Ilẹ̀ eérú yẹn, tó bá jẹ́ ọ̀dà acrylic, ìyẹn èyí tí a ń fi omi pò, fánìṣì aláìdán ni kí ẹ lò fún un, lẹ́yìn tó bá ti gbẹ dáadáa, kí ẹ tó kan páànù mọ́ ọn. Tó bá sì jẹ́ ọ̀dà olóròóró ni, ó lè tó oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó ṣeé kùn. Ẹ rántí pé acrylic ò gbọ́dọ̀ gun orí ọ̀dà olóròóró, á ṣí kúrò ni. Olóròóró lórí acrylic kò ní wàhálà.

Ẹ fi wáyà méjì so páànù náà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ lò àti ọdún tí ẹ ṣe é sẹ́yìn pátákó, kí ẹ sì fi ọfà tọ́ka ibi tó jẹ́ òkè, torí àwọn tó máa gbé e kọ́ ò ní mọ̀.

Ọwọ́-Tuntun

Acrylic ni. Màá wá ìda lọ́la. Màmá, mo ti kọ ojú rẹ̀ sí ògiri, mo sì ti ba pátákó mìíràn jẹ́ sílẹ̀ dè é.